Mọ́mì, ṣé Bàbá Àgbà náà máa jí lónìí?

Ehoro kì í yé ẹyin. Èmi kọ́ ni mo kọ́kọ́ sọ ọ́ o. Ọmọ mi obìnrin ló sọ ọ́ lọ́dún tó kọjá, ọmọ ọdún mẹ́fà ni nígbà yẹn, nínú súpámákẹ́ẹ̀tì kan ní Súrùlérè. Wọ́n to ehoro ṣokoléètì sórí tábìlì kan lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n to ẹyin oríṣiríṣi àwọ̀ yí i ká, wọ́n sì rí i dájú pé ojú ọmọdé máa tó o. Ó wò ó títí, ló bá ní: "Mọ́mì, ehoro kì í yé ẹyin. Ọmọ ló máa ń bí. Ta ló wá ni àwọn ẹyin yìí?" Obìnrin tó tò sẹ́yìn wa bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, mo sanwó búrẹ́dì, mo fà á lọ́wọ́, a jáde. Mi ò dá a lóhùn.

Lọ́sẹ̀ yẹn kan náà, ilé ìwé wọn kọ̀wé sí àwa òbí pé kí kálukú fi ẹyin sísè mẹ́fà ránṣẹ́, ká ti kùn ún lọ́dà, pé àwọn ọmọ máa wá a kiri nínú ọgbà. Mo sè é, mo kùn ún. Ọ̀dà pupa ò kúrò ní ìka mi fún ọjọ́ méjì. Ẹ má rò pé mo fẹ́ bá ẹyin jà. Ẹyin ní ìtàn tirẹ̀: láyé àtijọ́ ní Yúróòpù, àwọn Kristẹni kì í jẹ ẹyin nígbà ààwẹ̀ Lẹ́ńtì, àmọ́ adìyẹ ò mọ̀ pé ààwẹ̀ ń lọ, ó ń yé tirẹ̀ lọ ni. Tí ààwẹ̀ bá fi máa parí, ẹyin á ti kún ilé, wọ́n á kùn ún, wọ́n á fi tọrẹ. Ehoro ní tirẹ̀, ilẹ̀ Jámánì ló ti wá. Ó ti wà nínú ìwé níbẹ̀ láti ọdún 1682, àwọn Jámánì tó ṣí lọ sí Pennsylvania ló sì gbé e dé Amẹ́ríkà. Láti ibẹ̀ ló ti wọnú fíìmù, ó wọnú ṣokoléètì, ó wá dé Súrùlérè. Tí ẹnì kan bá sì tún fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí yín lórí WhatsApp pé orúkọ òrìṣà Bábílónì kan, Ishtar, ni wọ́n sọ di Easter, ẹ ní kó mú ẹ̀rí wá. Kò ní rí.

Ehoro kọ́ ló ń dùn mí. Ohun tó dùn mí ni pé ọmọ béèrè ọ̀rọ̀ tó mọ́gbọ́n dání nípa ọdún tí mo ti ń ṣe láti kékeré, èmi tí mo kàwé òfin, tí mo ń fi ọ̀rọ̀ jẹun, mi ò sì rí nǹkan kan sọ. Torí tí a bá ní ká sọ òótọ́, kí ni Àjíǹde nílé tiwa títí di ọdún yẹn? Aṣọ tuntun, ṣọ́ọ̀ṣì, ìrẹsì, adìyẹ, oorun ọ̀sán. Yọ ṣọ́ọ̀ṣì kúrò níbẹ̀, ọjọ́ ìbí ni.

Bẹ́ẹ̀ èdè wa ò fi nǹkan kan bò. Àwọn òyìnbó ń pe ọdún yìí ní Easter, Bede, ajẹ́jẹ̀ẹ́ ẹ̀sìn kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, sì kọ ọ́ lọ́dún 725 pé orúkọ òrìṣà kan tó ń jẹ́ Eostre ni. Àwọn Potogí ń pè é ní Páscoa, látara àjọ Ìrékọjá àwọn Júù. Àwa ńkọ́? Àjíǹde. Ọmọ ọdún mẹ́ta tó bá gbọ́ Yorùbá ti gbọ́ ìtumọ̀ ọdún náà kí àlùfáà tó gun orí pẹpẹ. Ẹ tún wo orúkọ ọjọ́. Ọjọ́ tí wọ́n pa Jésù, Ẹtì là ń pè é, tí nǹkan bá sì dojú rú tí kò ṣeé ṣe mọ́, a máa ń sọ pé ó di ẹtì. Ọjọ́ tó jí, Àìkú. Mi ò sọ pé Jerúsálẹ́mù ló wà lọ́kàn àwọn baba wa nígbà tí wọ́n ń sọ ọjọ́ lórúkọ o. Mo kàn ní ẹni tó bá fẹ́ sọ ìtàn yìí fún ọmọdé lédè Yorùbá ti rí ìrànlọ́wọ́ gbà kó tó ya ẹnu. Àwa ni à ń sọ Gẹ̀ẹ́sì sí wọn látàárọ̀ dalẹ́.

Mo sọ fún bàbá wọn pé lọ́dún yìí, a máa ṣe ọjọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin nílé, lọ́kọ̀ọ̀kan, a ò ní fo ìkankan. Kì í ṣe pé a ò ní lọ ṣọ́ọ̀ṣì. Ṣọ́ọ̀ṣì máa ń kún, ìwàásù máa ń gùn, wọ́n sì máa ń kó àwọn ọmọdé lọ sí yàrá tiwọn, kí wọ́n lọ kun àwòrán. Ohun tí mo ń wá ni ohun tí wọ́n lè fọwọ́ kàn. Ó wò mí, ó ní, "Ìwọ àti iṣẹ́ àkànṣe." Àmọ́ ó gbà.

Ọjọ́bọ̀ la bẹ̀rẹ̀. Mo sọ fún wọn pé kó tó di pé wọ́n mú Jésù, ó bọ́ aṣọ òkè rẹ̀, ó di aṣọ ìnura mọ́ ìdí, ó sì wẹ ẹsẹ̀ àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo pọn omi sínú bàsíà, mo wẹ ẹsẹ̀ wọn. Èyí àbúrò ń jà raparapa, ó ní ó ń rìn ín ní ṣìgìṣìgì. Dádì wẹ tèmi, mo wẹ tiẹ̀. Kí n má purọ́, mo ti mú fóònù jáde láti ya fọ́tò. Ìgbà yẹn ni ẹ̀gbọ́n sọ pé: "Ó ku Àǹtí."

Àǹtí ni ọmọbìnrin tó ń bá wa gbé, tó ń tọ́jú ilé, tó ń bá mi wo àwọn ọmọ. Ó ti lé lógún ọdún. Ilé ìdáná ló wà, ó ń fọ abọ́ tí a jẹun tán nínú rẹ̀. Kò sẹ́ni tó rántí pè é. Mo ní, "Ìwọ lọ wẹ tiẹ̀." Ọmọ náà ní rárá: "Ẹ ní Jésù ni ọ̀gá wọn, òun ló sì wẹ̀ ẹ́. Ẹ̀yin ni ọ̀gá Àǹtí."

Mo pè é. Nígbà tó rí ohun tí mo fẹ́ ṣe, ó fẹ́ sá. "Háà, rárá o, Mà. Ẹ jọ̀ọ́, Mà, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀." Ẹ̀bẹ̀ ni, kì í ṣe àwàdà. Nínú ilẹ̀ wa, ta ló ń kúnlẹ̀ fún ta? Pétérù náà kọ̀ bẹ́ẹ̀ nínú ìtàn ọ̀hún, mo ti ka ibẹ̀ àìmọye ìgbà, mi ò mọ̀ pé bí ojú èèyàn ṣe ń rí nìyẹn tó bá ń kọ̀ ọ́. Mo kúnlẹ̀ sórí táìlì. Gìgísẹ̀ rẹ̀ ti la, ó la wọnú, bí ilẹ̀ tí oòrùn pa. Obìnrin tó ti ń gbé inú ilé mi fún ọdún méjì, mi ò rí gìgísẹ̀ rẹ̀ rí. Kò sẹ́ni tó ya fọ́tò mọ́. Lóṣù tó tẹ̀lé e, mo fi kún owó rẹ̀, mo sì sọ ọjọ́ Àìkú di ọjọ́ ìsinmi rẹ̀ látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Ẹ má yìn mí, ó yẹ kí n ti ṣe é tipẹ́.

Ọjọ́ Ẹtì, ilé ìyá ọkọ mi la wà. Ọmọ Àgùdà ni wọ́n, láti Pópó Àgùdà ní Erékùṣù Èkó, nínú àwọn ìdílé tí àwọn baba ńlá wọn jáde kúrò lóko ẹrú ní Brazil, tí wọ́n sì padà wálé láàárín àwọn ọdún 1800 sí 1900. Ìdí nìyẹn tá a fi ń pe ìjọ Kátólíìkì ní ìjọ Àgùdà títí dòní. Lọ́jọ́ náà, frejon ni oúnjẹ ilé wọn. Ẹ̀wà ni o, orúkọ tí àwọn Potogí ń pe ẹ̀wà gan-an ló ń jẹ́. Wọ́n á sè é títí á fi rọ̀, wọ́n á lọ̀ ọ́ kúnná, wọ́n á sẹ́ ẹ, wọ́n á wá fi omi àgbọn tí wọ́n fún sè é padà pẹ̀lú ṣúgà àti kànáfùrù títí á fi ki. Ọbẹ̀ ata àti ẹja díndín ni wọ́n fi ń jẹ ẹ́, àwọn mìíràn á tún da gàrí lé e. Ẹni tí kò bá bá a dàgbà máa ń bẹ̀rù rẹ̀. Èmi náà bẹ̀rù rẹ̀ lọ́dún tí mo wọlé ọkọ.

Ìyá ọkọ mi gbé àga fún ẹ̀gbọ́n kó lè ga tó ìkòkò, wọ́n fún un ní ọmọrogùn. Ó ń rò ó, òógùn bò ó. Ó béèrè pé kí ló dé tí kò sí ẹran. Wọ́n ní, "Nítorí pé òní kì í ṣe ọjọ́ àsè, ọmọ mi. Wọ́n pa Jésù lónìí." Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe sọ ọ́, bí ẹni ń sọ pé òjò rọ̀ lánàá. Wọn ò fa ojú ro, wọn ò rẹ ohùn sílẹ̀. Ọmọ náà mi orí, ó ń rò ó lọ.

Ibi oúnjẹ ló ti wá béèrè lọ́wọ́ mi pé ta ló pa á.

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Ìjẹ̀bú-Òde, ìdáhùn wa ni Júdásì. Àwa ọmọ àdúgbò á ki koríko sínú ṣòkòtò tó ti gbó, a á so orí mọ́ ọn, a á máa wọ́ ọ kiri, a á máa nà án ní pàṣán títí á fi fọ́nká. Kò sí àríyá tó dùn tó o. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ń rò ó pé ní gbogbo ọdún tí a fi na Júdásì, kò sẹ́ni tó na Pétérù, tó sọ lẹ́ẹ̀mẹta lóru ọjọ́ kan pé òun ò mọ ọ̀gá òun rí. Mi ò fẹ́ kí ọmọ mi kúrò nídìí ìtàn yìí pẹ̀lú pàṣán lọ́wọ́. Mi ò sì fẹ́ kó gbọ́ pé ẹ̀yà kan báyìí ló pa Jésù, nítorí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ti pa ọ̀pọ̀ Júù láyé yìí.

Mo wá sọ ọ́ fún un bí agbẹjọ́rò. Mo ní wọ́n gbé e lọ síwájú gómìnà tí ìjọba Róòmù yàn, Pọ́ńtíù Pílátù. Kì í ṣe ẹni inú àlọ́: lọ́dún 1961, wọ́n hú òkúta kan jáde ní Kesaríà tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sí. Gómìnà yìí gbọ́ ẹjọ́, ó ní òun ò rí ẹ̀ṣẹ̀ kankan lọ́wọ́ ọkùnrin náà. Ṣùgbọ́n èrò ń pariwo níta, ẹ̀rù ariwo bà á, ó bu omi wẹ ọwọ́, ó ní kí wọ́n lọ kàn án mọ́ igi, ikú tí àwọn ará Róòmù fi ń pa ẹrú àti ọlọ̀tẹ̀. Mo ń bẹ̀rù pé ọ̀rọ̀ náà ti ga jù fún un. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Ó mọ̀ pé kò ṣe nǹkan kan, ó sì tún jẹ́ kí wọ́n ṣe é." Mo ti bá àwọn tó gba wíìgì jókòó tí wọn ò lè sọ ẹjọ́ yẹn ṣókí tó bẹ́ẹ̀.

Mi ò sọ nípa ìṣó. Mi ò sọ nípa ẹ̀jẹ̀ ju pé ó dùn ún gan-an. Mo sọ èyí torí pé mo ti wà ní ṣọ́ọ̀ṣì kan rí tí wọ́n gbé fíìmù Mel Gibson ti ọdún 2004 yẹn sára ògiri lọ́jọ́ Ẹtì, tí àwọn ọmọ ọdún mẹ́rin jókòó síwájú, tí wọ́n ń fi ọwọ́ bo ojú. Wọ́n ní kí wọ́n lè mọ ohun tó ná Jésù ni. Ohun tí ọmọ tó jókòó tì mí mọ̀ lọ́jọ́ náà kò ju pé ó fẹ́ lọ sílé.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta ló le jù. Kò sí ìtàn kankan láti sọ: Jésù wà nínú ibojì, òkúta wà lẹ́nu rẹ̀, ó tán. Ọjà, irun dídì àti adìyẹ pípa ni gbogbo ilé máa ń fi ọjọ́ yẹn ṣe. Mo gbé bàsíà ńlá kan sí bákónì, a da yẹ̀pẹ̀ sí i, a to koríko sí etí rẹ̀, a dà ìkòkò kékeré kan délẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kó dà bí ihò àpáta. Mo fi áńkáṣífù funfun wé ọmọláńgidi kan, a tẹ́ ẹ sínú rẹ̀. Òkúta ńkọ́? Àwa ará Èkó ò ní òkúta nílé. Àǹtí ló rántí ọmọ ọlọ, tó ti wà lábẹ́ síǹkì láti ọjọ́ tá a ti ra ẹ̀rọ ìlọta. A gbé e dí ẹnu ihò náà.

Àbúrò, ọmọ ọdún mẹ́ta, kò mọ ohun tó ń jẹ́ ìdúró. Kó tó di ọ̀sán, ó ti yí ọmọ ọlọ náà kúrò lẹ́ẹ̀mẹrin, ó ń yọjú wò ó. "Ó ti jáde?" "Kò tíì jáde." "Báyìí ńkọ́?" Lẹ́ẹ̀kan, díẹ̀ ló kù kí ọmọ ọlọ já lé e lẹ́sẹ̀. Ní nǹkan bí aago mẹ́rin, wọ́n pa adìyẹ ọdún lẹ́yìnkùlé, àwọn méjèèjì dúró tì í, wọ́n wò ó tán. Kò sẹ́ni tó sọ fún wọn pé adìyẹ ń sùn.

Ètò mi ni pé tí wọ́n bá ti sùn, máa gbé ọmọláńgidi kúrò, máa ká áńkáṣífù jọ, máa yí òkúta sí ẹ̀gbẹ́, kí wọ́n bá ibojì lófìfo láàárọ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n mú iná wá ní aago mẹ́wàá alẹ́ ọjọ́ náà, ẹni tó bá ń gbé Èkó mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í lọ aṣọ, mo lọ ti gbogbo ilé, mo jókòó kí n sinmi díẹ̀.

"Mọ́mì! Mọ́mì! Kò tíì jí o!"

Aago mẹ́fà ààbọ̀ ò tíì lù. Mo sáré dé bákónì, mo bá àbúrò níbẹ̀ tó gbá ọmọláńgidi náà mú ní ẹsẹ̀ bí ẹni mú ẹja. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ káwọ́ gbera. "Ẹ gbàgbé, àbí? Ẹ̀yin lẹ yẹ kẹ́ ẹ gbé e kúrò." Bàbá wọn ti fi tówẹ̀lì bo ẹnu lẹ́yìn mi. Èmi náà fẹ́ rẹ́rìn-ín, àfi bó ṣe tún sọ pé: "Ṣé bí ti Jésù náà ṣe rí nìyẹn? Ṣé ẹnì kan ló lọ gbé e kúrò lóru?"

Ẹ̀yin èèyàn mi, ìbéèrè yẹn wà nínú Bíbélì. Mátíù kọ ọ́ pé wọ́n fowó fún àwọn ọmọ ogun tó ń ṣọ́ ibojì kí wọ́n lè sọ pé àwọn ọmọ ẹ̀yìn ló wá jí òkú náà gbé lóru. Ọmọ ọdún mẹ́fà tó wọ aṣọ ìsùn ló gbé ẹjọ́ olùjẹ́jọ́ kalẹ̀ fún mi lórí bákónì, mi ò sì tíì fọ ẹnu.

Mo jókòó sílẹ̀. Mo ní, "Èyí tí a ṣe, eré ni. Èmi ni mo gbàgbé. Ti Jésù, mi ò sí níbẹ̀." "Ta ló wà níbẹ̀?" Mo ní àwọn obìnrin ni, Màríà Magidalénì ló ṣáájú wọn, pé wọ́n dé ibẹ̀ láàárọ̀ kùtù, wọ́n bá ibojì lófìfo, wọ́n sáré lọ sọ fún àwọn ọkùnrin, àwọn ọkùnrin sì ní ìsọkúsọ ni. Inú rẹ̀ dùn síbi tí àwọn ọkùnrin ti kùnà. Mi ò sọ èyí fún un, àmọ́ mo lè sọ ọ́ fún yín: láyé ìgbà yẹn, ẹ̀rí obìnrin ò fi bẹ́ẹ̀ níyì níwájú adájọ́. Ẹni tó bá ń hun irọ́, irú ẹlẹ́rìí bẹ́ẹ̀ kọ́ ló máa kọ́kọ́ pè. Èyí kì í ṣe ẹ̀rí tí mo lè fi borí ní kóòtù o. Ó kàn jẹ́ ọ̀kan lára ìdí tí mo fi gbà wọ́n gbọ́. Mo sọ fún ọmọ mi pé mo gbà wọ́n gbọ́, pé tó bá dàgbà, òun náà á gbé e yẹ̀ wò fúnra rẹ̀.

Ó dákẹ́. Ó ń fi ìka tọ yẹ̀pẹ̀ inú bàsíà. Ó wá ní: "Ṣé Bàbá Àgbà náà máa jí lónìí? Tiwọn ti ju ọjọ́ mẹ́ta lọ."

Bàbá mi kú ní oṣù Kọkànlá ọdún 2024. Tíṣà ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. A sin wọ́n sí ilé wọn ní Ìjẹ̀bú-Òde ní oṣù Kìíní tó tẹ̀lé e. Lára pátákó tá a gbé sẹ́nu ọ̀nà, a kọ ọ́ pé wọ́n sùn nínú Olúwa. Nígbà tí ọmọ mi béèrè, ohun tó wà lára pátákó náà ni mo sọ fún un: Bàbá Àgbà ń sùn. "Tí wọ́n bá wá sùn tán?" Wọ́n á jí lọ́dọ̀ Ọlọ́run. Ìyẹn rọrùn lẹ́nu, èmi náà sì ní aṣọ ẹbí láti pín, mo ní àwọn alásè láti sanwó fún.

Láti ìgbà yẹn ló ti ń jí lóru. Á wá dúró ti bẹ́ẹ̀dì wa nínú òkùnkùn, á na ìka sábẹ́ imú mi bóyá mo ń mí. Kò fẹ́ sùn lọ́sàn-án mọ́, á máa jà. Mo bínú sí kátúùnù tó ń wò, mo pa tẹlifíṣọ̀n, mo gbàdúrà sí i lórí. Oṣù márùn-ún gbáko ni mo fi ń wá ohun tó ń dẹ́rù bà á kiri, èmi tí mo sọ fún un pé ẹni tó bá sùn ni wọ́n máa ń gbé sínú ilẹ̀.

Àwọn àgbà ní bí irọ́ lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á lé e bá. Tèmi ò tiẹ̀ lọ jìnnà. Mo gbé e lé ẹsẹ̀, mo sọ ọ́ ní Yorùbá, torí Gẹ̀ẹ́sì ò fẹ́ jáde: "Bàbá Àgbà ò sùn. Wọ́n kú. Ọkàn wọn dáwọ́ lílù dúró, wọn ò mí mọ́. Wọn ò ní jí lónìí, wọn ò ní jí lọ́la. Ẹni tó ń sùn ń mí. Tí ìwọ bá sùn, wàá jí. Irọ́ ni mo pa, má bínú." Ó sunkún. Èmi náà sunkún, mi ò sì tíì sunkún láti ọjọ́ ìsìnkú, torí níbi ìnáwó, ta ló ráyè?

Nígbà tó rọlẹ̀, mo sọ ìyókù. Mo ní ohun tí àwa Kristẹni ń sọ lónìí ni pé bí Ọlọ́run ṣe jí Jésù, bẹ́ẹ̀ ló máa jí gbogbo òkú lọ́jọ́ ìkẹyìn, Bàbá Àgbà pẹ̀lú. Ó ní ọjọ́ wo? Mo ní mi ò mọ̀. Ó wò mí lójú: "Ṣé ẹ ò mọ̀ ọ́n ni, àbí ẹ kàn ò fẹ́ sọ?" Mo ní mi ò mọ̀ ọ́n. Ó gbà. Kò sùn dáadáa lóru ọjọ́ yẹn o, kí ẹ má rò pé idán ni. Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó tó dẹ́kun àtimáa wá wo imú mi.

Ọ̀rẹ́ mi kan, lọ́yà ni òun náà, ní mo ti ba ọdún jẹ́ fún ọmọ. Ó ní ikú ò ní ṣàìwá sọ ara rẹ̀ fún wọn tó bá yá, kí ló ń lé mi? Kí wọ́n jẹ adìyẹ, kí wọ́n wọ aṣọ, kí wọ́n mọ̀ pé Jésù jí, ó tó. Mi ò fojú kéré ọ̀rọ̀ rẹ̀. Àwọn òbí wa náà kì í jẹ́ kọ́mọdé dé ìdí òkú, ìfẹ́ ló sì wà nídìí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ tó dúró wo adìyẹ tí wọ́n ń pa ti mọ ikú, orúkọ rẹ̀ nìkan la ò sọ fún un. Tí a ò bá sì sọ fún ọmọ pé ẹnì kan kú, kí la fẹ́ sọ fún un pé ó jí? Abala 209 nínú Òfin Ẹ̀rí wa ti ọdún 2011 gbà kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 14 jẹ́rìí nílé ẹjọ́ láì búra, tí adájọ́ bá ti rí i pé ó lóye tó, ó sì mọ̀ pé ojúṣe ni kéèyàn sọ òtítọ́. Òfin ní ká bi ọmọdé bóyá ó mọ ojúṣe yẹn. Kò sẹ́ni tó bi mí kí n tó sọ pé Bàbá ń sùn.

Ọjọ́ Ajé, àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì lọ sí Gálílì tiwọn létí òkun, pẹ̀lú kúlà àti ìlù. Àwa lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde. Ẹ̀gbọ́n dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibojì bàbá mi fúngbà díẹ̀, ó fọwọ́ kan táìlì rẹ̀, ó ní ó gbóná. Àbúrò rìn yí i ká, ó ń wá òkúta tí ó máa yí. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fà á lọ́wọ́: "Kì í ṣe òní. Wá ká lọ jẹun." Ìyá mi ti gbé ìrẹsì àná kaná.

Tọdún yìí, ọjọ́ 5 oṣù Kẹrin ni. Òṣùpá ló ń pín in: Àìkú tó bá tẹ̀lé òṣùpá àrànmọ́jú àkọ́kọ́ láti ọjọ́ 21 oṣù Kẹta. Lọ́tẹ̀ yìí, Ọjọ́bọ̀ gan-an ni òṣùpá máa kún, ọjọ́ tá a máa wẹ ẹsẹ̀, tí kò bá sí ìkùukùu, a máa rí i láti bákónì. Àǹtí ti ní òun lòun máa wẹ ẹsẹ̀ tèmi lọ́dún yìí, kí n má jiyàn. Ìyá ọkọ mi ti pè pé àgbọn ti wọ́n, kí n bá wọn ra mẹ́fà ní Mushin. Àbúrò ti pé ọmọ ọdún mẹ́rin. Ó ti gbé ọmọ ọlọ náà jáde lábẹ́ síǹkì, ó ti fọ̀ ọ́. Ó ní òun lòun máa jí lóru Àbámẹ́ta láti lọ gbé ọmọláńgidi yẹn kúrò, torí pé Mọ́mì máa ń gbàgbé.